Ṣíbí, Garawa àti Dríìpù: Bí Mo Ṣe Rí Iṣẹ́ Wa ní Wọ́ọ̀dù Onígbẹ́ Gbuuru

Àwọn àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí onígbáméjì wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 1970. Láti ọdún 1961 ni ọwọ́ àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀ ní Indonéṣíà, tó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, títí tó fi já sí Èkó. Mètírọ́nù wa máa ń sọ fún wa pé ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé láàárọ̀ lè má rí ìrọ̀lẹ́. Omi ara ló ń tán, òun ló sì ń pa wọ́n.

Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń lò nígbà náà, kánfáàsì tí wọ́n dá ihò sí láàárín ni. Wọ́n á tẹ́ rọ́bà lé e, wọ́n á sì gbé garawa tí wọ́n ti fàlà òṣùwọ̀n sí nínú sábẹ́ ihò náà. Ohun tó bá já sínú rẹ̀, funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, ni nọ́ọ̀sì máa ń wọ̀n, tí á kọ sílẹ̀, nítorí iye tó jáde ló gbọ́dọ̀ padà wọlé. Èmi náà bá irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn àtiwọ̀n garawa, àmọ́ aláìsàn lè ní ara òun ti yá, kí ẹbí ní ó ti dín kù; garawa kì í parọ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé inú iṣan nìkan ni omi ń gbà padà sára nígbà yẹn. Bí dríìpù bá tán, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́dún 1968, àwọn dókítà méjì, David Nalin àti Richard Cash, ti fi hàn ní Dhaka pé omi tí wọ́n po iyọ̀ àti glúkóòsì sí lè gba ẹnu ṣe iṣẹ́ náà. Kòkòrò onígbáméjì lè da ìfun rú, síbẹ̀ iyọ̀ tó bá bá ṣúgà rìn á wọlé, omi á sì tẹ̀lé wọn. Lọ́dún 1971, nígbà ogun Bangladesh, Dókítà Dilip Mahalanabis gbé ọgbọ́n yìí lọ sí ibùdó àwọn ogunléndé ní Bongaon, ní Íńdíà, níbi tí dríìpù kò ti kárí. Àwọn ará ilé aláìsàn ló ń fún èèyàn wọn mu. Ikú tó tó nǹkan bí 30 nínú 100 já wálẹ̀ sí bíi 4.

Nígbà tí èmi fi wọ aṣọ funfun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ni mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992. Dókítà ọmọdé ni, kò sì fi ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ àti ṣúgà ṣeré rárá. A to tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú wọ́ọ̀dù, a gbé igo bíà kan tàbí igo mínírà méjì sórí rẹ̀ kí ìyá ọmọ lè mọ ìwọ̀n omi, a wá ń po ó lójú wọn.

Iyọ̀ kò dẹ́rù bà wọ́n. Ṣúgà ni wọ́n sá fún. Ta ni yóò gbé ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́, nígbà tí gbogbo ilé mọ̀ pé jẹ̀díjẹ̀dí ló ń fà? Màmá àgbà kan dì í mú pé, "Nọ́ọ̀sì, eyín ló fẹ́ hù." Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó hù, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rí ọmọ tó máa fi jẹun." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gba ṣíbí lọ́wọ́ mi.

Ṣíbí yẹn niṣẹ́ gan-an. Ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bí ọmọ bá bì, wá dúró fún ìṣẹ́jú 10, kó o tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọyàn kò gbọ́dọ̀ dúró. Láàárín ìgbà náà, ojú wa wà lára àwùjẹ̀ bóyá ó jìn, ojú bóyá ó wọnú, ẹkún bóyá omijé ń bá a jáde. A ó fa awọ ikùn rẹ̀, a ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀: bí ó bá lé ní ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó padà sáyè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti dríìpù kíákíá. Ẹbí á máa ka iye ìgbà tó yàgbẹ́ fún wa. Àwa á máa bi wọ́n pé ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn.

Òṣùwọ̀n ló máa ń dà wá láàmú. Ṣíbí tíì ilé kan kò bá ti ilé kejì dọ́gba, iyọ̀ tó bá sì pọ̀jù léwu fún ọmọ. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ràn ORS inú ọ̀rá, iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀. Bí kò bá sí, ṣíbí tíì ṣúgà 6 tí a gé lórí àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ omi mímọ́ lítà kan. Ní 2002, wọ́n dín iyọ̀ àti ṣúgà inú ORS kù, ìgbẹ́ àti èébì àwọn ọmọ sì dín. Ní 2004, síǹkì wọ inú ìtọ́jú àwọn ọmọdé: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, ìdajì rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6.

Ní ti láàbù, ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru kò nílò rẹ̀. Èyí tó ní ẹ̀jẹ̀, èyí tí kò lọ bọ̀rọ̀, àti èyí tí a bá fura sí onígbáméjì ni à ń gbé lọ. Bí amúbà la bá ń wá, kí ìgbẹ́ náà gbóná dé abẹ́ maikirosikóòpù, kò gbọ́dọ̀ ju ààbọ̀ wákàtí lọ, torí amúbà tó bá tutù kì í rìn mọ́. Ti onígbáméjì, orí ohun ìgbin kòkòrò tí wọ́n ń pè ní TCBS ni wọ́n ń gbìn ín sí. Lọ́jọ́ kejì ẹ ó rí i tó hù ní àwọ̀ ìyeyè. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dúró de ọjọ́ kejì kó tó fún aláìsàn lómi. Apakòkòrò náà kò yẹ gbogbo ìgbẹ́ gbuuru, bí àwọn ará ilé tilẹ̀ ti fún un ní Flagyl àti tẹtirasáíkílìn kí wọ́n tó gbé e wá.

Èyí tó wá ń gba ọkàn mi jù kẹ́yìn ni ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin kan wọlé nítorí ẹsẹ̀ tó kán, wọ́n ń fún un lábẹ́rẹ́ apakòkòrò, ó di ọjọ́ karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́. Bí aláìsàn bá ti lò ju ọjọ́ 3 lọ ní wọ́ọ̀dù kó tó bẹ̀rẹ̀, kì í sábà jẹ́ kòkòrò bíi Salmonella tàbí Shigella. Ẹ wo ìwé oògùn rẹ̀ ná: ṣé wọn kò fún un ní oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ fura sí Clostridioides difficile, èyí tí wọ́n ti mọ̀ láti 1978 pé ó máa ń gbilẹ̀ nínú ìfun tí apakòkòrò ti pa àwọn kòkòrò rere inú rẹ̀. Ìgbẹ́ tó ṣàn nìkan ni kí ẹ yẹ̀ wò fún un. Tí ara bá ti yá, ẹ má tún un yẹ̀ wò, torí ó lè ṣì fara hàn. Dókítà á dá apakòkòrò àkọ́kọ́ dúró bí ó bá ṣeé ṣe. Bí ó bá kọ apakòkòrò vancomycin fún un, ẹnu ni kó gbà. Èyí tí wọ́n bá fà sínú iṣan kò dé ibi tí ìjà wà.

Ọtí tí a ń fi pa ọwọ́ kì í pa kòkòrò yìí nígbà tó bá ti bo ara rẹ̀ sínú èèpo líle (spore). Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ló ń ṣí i kúrò lọ́wọ́, kìlórínì ló sì ń pa á lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí igo ọtí wà lẹ́nu gbogbo ilẹ̀kùn, tí ẹ̀rọ omi wọ́ọ̀dù kò sì ṣàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àjẹsára tí wọ́n ń kán sẹ́nu fún rotavirus, àrùn ìgbẹ́ gbuuru tó máa ń kún wọ́ọ̀dù ọmọdé lásìkò ọyẹ́, wọ ètò àjẹsára wa. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀ onígbáméjì ṣì ń padà wá, Èkó tún rí i ní 2024, ẹbí sì ṣì gbà pé ẹni tí kò sí dríìpù lára rẹ̀ kò tíì rí ìtọ́jú. Ẹni tí kò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, ẹ jẹ́ kí dríìpù máa dà sí i lára. Ẹni tó bá ṣì lè mu, ẹ jẹ́ kó mu. Bí ẹ bá sì rí nọ́ọ̀sì tó jókòó ti ọmọ yín pẹ̀lú kọ́ọ̀bù àti ṣíbí, ẹ má bínú pé wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀.