Abẹ́rẹ́ Inú Gèlè

Ọdún 1975 ni mo ṣe ọ̀rẹ́ ìyàwó, ọdún owó Udoji, àfikún owó oṣù ìgbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló kọ́kọ́ gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni daṣẹ́ sílẹ̀ kí tiwọn náà tó jáde. Ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní òpópónà Ọba Akran, ní Ìkẹjà, ni èmi àti ìyàwó ti ń ṣiṣẹ́. Dunlop, ilé-iṣẹ́ táyà, ni ọkọ rẹ̀ wà, nítòsí wa níbẹ̀.

Ṣíìfù alẹ́ ni mo ṣe mọ́jú ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo gba ibẹ̀ lọ sílé ìyàwó ní Agége, òwú ṣì kún orí mi. Ìyá ìyàwó ló jókòó ṣà á kúrò kí wọ́n tó wé gèlè fún mi.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìyá tèmi. Ó ní nígbà tiwọn, àwọn ẹgbẹ́ ìyàwó ló ń tẹ̀ lé e láti agboolé dé agboolé bó ti ń sun ẹkún ìyàwó, ọmọdébìnrin kan yóò sì bá a wọlé ọkọ, kí ó má baà dá nìkan sùn láàárín àwọn tí kò mọ̀. Ó ki abẹ́rẹ́ olówùú bọ inú gèlè mi. “Má lọ ṣe bí ẹni tó wá jẹun o. Ìyàwó kò lọ́wọ́ lónìí. Ìwọ lọwọ́ rẹ̀.”

Mo nu òógùn, mo fẹ́ abẹ̀bẹ̀, mo bá a ká aṣọ sókè nígbà tó fẹ́ tọ̀. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ta lẹ rò pé ó ń ṣe é?) Níbi tí a ti ń sọdá ojú irin, irin kọ́ aṣọ funfun náà, ó fàya. A sá sẹ́yìn ìsọ̀ oníbúrẹ́dì kan. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná gba imú wa, ìyàwó bá bú sẹ́kún: kò tíì jẹun láti àná. Mo ra búrẹ́dì. Ó ń jẹ, mo ń rán.

Lálẹ́, inú àpò ìrọ̀rí ni mo ń kó owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìyàwó àti ọkọ rẹ̀ níwájú orí sí. Àbúrò ọkọ kan ní kí n gbé e fún òun. Mo jókòó lé e lórí.

Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ìsinsìnyí rẹwà, mi ò purọ́. Fóònù ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ wọn.

Lọ́dún 2008, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Ìyàwó ọjọ́ náà ti di ìyá àgbà bíi tèmi. Tó bá ń bọ̀ wá kí mi, búrẹ́dì Agége ló máa ń gbé dání.