Owó Ọkọ̀ láti Àjàṣẹ́ dé Kétu

Ọ̀nà Àjàṣẹ́ sí Kétu kò gùn púpọ̀, bí 100 kìlómítà ni. Ó gba Ìṣàkẹ́tẹ́ kọjá, ó gba Ìpobẹ̀ níbi tí ọ̀pẹ ti pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí ó tó wọ ilẹ̀ Kétu. Ọ̀nà tó dùn-ún wò ni, bí ẹsẹ̀ bá ráyè nà nínú tásì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí i ní láti kọ́kọ́ la ibùdókọ̀ já.

«Kétu, 2 000! Kétu, 2 000!» Ohun tí àgbérò ń ké nìyẹn lọ́jọ́ tí a lọ. Kò purọ́. 2 000 fáráǹkì tó fún ẹni tí kò gbé nǹkan kan dání, tó sì gbà kí wọ́n há òun mọ́ ènìyàn mẹ́ta lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá jókòó níwájú yóò san owó ènìyàn méjì. Ti ẹrù tún wà lọ́tọ̀, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀ títí wọn yóò fi so ó mọ́ òrùlé ọkọ̀.

Ìyá kan gbé páálí ẹja yíyan méjì. Wọ́n ní kí ó fi 1 500 lé e.

«Ọmọ mi, kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó wọlé?»

«Ẹ má bínú, Ìyá. Owó èèyàn ni mo pè, n kò pe owó ẹja.»

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, àfi ìyá náà, nítorí èrè páálí kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn. Ọmọ ilé-ìwé kan tó ń lọ ìsinmi kò rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. 2 000 géérégé ni wọ́n fún un nílé, wọ́n sì ń béèrè 500 lórí àpótí rẹ̀. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja tú ìdí aṣọ rẹ̀, tó san án.

Ní ọjà wa, ẹni tó ń tà ló ń fi èènì sí i fún ẹni tó ń rà. Ní ibùdókọ̀, ẹni tó ń rà ló ń san èènì. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ọwọ́ yín tó kúrò lára àpò yín, ẹ béèrè pé: «Èmi àti ẹrù mi, eélòó ni títí dé Kétu?» Ẹ béèrè rẹ̀ sókè, kí àwọn èrò yòókù gbọ́ iye tó pè.

A dé Kétu lọ́sàn-án. Ní Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú tí ogun Dahomey fọ́ ní 1886, a bi afinimọ̀nà ní iye rẹ̀. Ó dá iye kan, ó ní fọ́tò wà nínú rẹ̀. A sanwó, a wọlé.