Wáyà Kan Ló Fẹ́ Tú Ilé Wa Ká

Ohun tí a fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ìtàn ìyangàn, nítorí ojú ṣì ń tì wá bí a bá rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbà pé ó lè ran ìdílé mìíràn lọ́wọ́, pàápàá àwọn tó ń lo ọkọ̀ àlòkù bíi tiwa. Àwa méjèèjì, ọkọ àti aya, ni a jùmọ̀ sọ ọ́.

Ní ọdún 2016 ni wàhálà náà bẹ̀rẹ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ láàárọ̀, yóò kàn dún "kẹ́", yóò sì dákẹ́. Ní ọjọ́ mìíràn, yóò ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Bí a bá tẹ bíréèkì lálẹ́, iná iwájú yóò rẹ̀yìn, yóò pọ́n bí iná àtùpà. A ra bátìrì tuntun. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tún bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò wa kan ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Òun ló máa ń fọ ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọkàn wa kò lọ síbòmíràn. A ní òun ló yọ bátìrì tuntun tà, tó fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀. Ọmọ náà sọkún, ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A kò gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba Òṣogbo lọ.

Ó lọ tán, ọkọ̀ kò sàn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, tàwa tàwọn ọmọ mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì kú, iná kú, nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé Aṣéjìrẹ́. Òkùnkùn biribiri, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọlọ́run nìkan ló kó wa yọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wọ́ ọkọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà ríwáyà kan ní Ìbàdàn. Àwọn èèyàn ti ní kí a lọ ra ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná. Bàbá náà ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tíì náwó. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ọkọ̀ léèrè."

Ó fún bátìrì náà níná títí ó fi kún, ó wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ fóòtì 12.6. Bátìrì kò níṣòro. Ó wá fi ẹnu mítà kan sórí bátìrì níbi òdì, ó fi èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì, ó ní kí a yí kọ́kọ́rọ́. Níbi tó yẹ kí mítà má fẹ́rẹ̀ẹ́ mira, ó gòkè ju fóòtì 2 lọ.

"Iná kì í lọ kó má padà," bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀. "Wáyà pupa ń gbé e lọ, wáyà dúdú ń dá a padà. Bí ọ̀nà àbọ̀ bá dí, bátìrì mẹ́wàá kò lè gbà yín."

Ó bó rọ́bà ara wáyà dúdú náà. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti jẹ ẹ́ tán nínú, ó ku fọ́nrán díẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó ha ojú irin ibi tí wọ́n ti dè é títí ó fi ń dán. Ọkọ̀ dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, mítà ka 14.1 lórí bátìrì.

Ohun tí bàbá kọ́ wa nìyí. Bí ẹ bá fẹ́ tú orí bátìrì, ẹ kọ́kọ́ tú ti òdì, òun náà ni kí ẹ so kẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ di sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an mú, ẹ má fa wáyà. Bí iná bá ń wá tó ń lọ, ẹ mi wáyà jẹ́jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tó ń ṣe é. Bí fíúsì 15 bá ń jó, ẹ má fi 30 rọ́pò rẹ̀. Wáyà ni yóò jó, ọkọ̀ sì lè gbiná.

A gbéra lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. A mú wáyà tó jẹ náà dání, a fi han àbúrò wa, a sì bẹ̀ ẹ́ lójú ẹ̀gbọ́n wa. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Mo sọ fún yín." A kò rí èsì fọ̀. Ó dárí jì wá, ṣùgbọ́n ó tó oṣù mẹ́rin kó tó padà wá sílé wa.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Àwa kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá kí a tó dá a. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bí nǹkan bá bàjẹ́ nílé yín, ẹ yẹ nǹkan náà wò dáadáa kí ẹ tó nawọ́ sí ọmọ ẹlòmíràn. Wáyà ṣeé pààrọ̀ lọ́sàn-án kan. Ọkàn tó bá gbọgbẹ́ kì í yá bẹ́ẹ̀.