Kí Ẹ Tó Sọ Pé "Ó Yẹ̀ Ni"

Èdè ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ẹbí ń lò nígbà tí ara ẹnìkan kò yá kì í kọjá létí mi lásán. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ nínú ohun tó ń ṣe eegun. Ẹsẹ̀ lè rọ́, oríkèé lè yẹ̀, eegun lè ṣẹ́. Èyí tí a bá fẹnu pè ló ń sọ ibi tí a máa gbé aláìsàn lọ.

Nígbà tí màmá àgbà tó bí bàbá mi yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ní Sábọ́ngàrí, Kano, wọ́n ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún. "Ó yẹ̀ ni," ni gbogbo ilé ń wí. Wọ́n pe ẹni tó ń to eegun. Ó fà á, ó fi òrí pa á, ó dì í. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, màmá kò tíì lè gbé gìgísẹ̀ kúrò lórí ẹní. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrú ju tòsì lọ, ó sì yí síta. Ibi tí itan ti pàdé ikùn ló ń dùn wọ́n jù.

Dókítà fi àwòrán X-ray hàn wá. Orí eegun itan rí roboto, inú ihò kan ní ìbàdí ló ti ń yí. Ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ó mọ́ eegun gbọọrọ ìsàlẹ̀. Ara ọrùn yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí náà ń gbà kọjá. Bí ọrùn bá ṣẹ́ tó sì kúrò láyè, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí mọ́, bẹ́ẹ̀ eegun tí kò rí ẹ̀jẹ̀ kì í jinná. Fífà àti dídì kò lè tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ orí náà, tí wọ́n ń fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Nígbà míì, wọ́n á pààrọ̀ ihò náà pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ọrùn ló ti ṣẹ́, irin ni wọ́n sábà máa ń fi dè é.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1962 ni John Charnley ti ń ṣe pípààrọ̀ ìbàdí ní ilé ìwòsàn Wrightington, nílẹ̀ England. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì l'Ékòó, ní Enugu, àti ní Dala ní Kano níbí.

Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ nínú ẹbí. "Wọ́n ti dàgbà jù fún abẹ. Ẹ jẹ́ ká rọra máa tọ́jú wọn nílé." Ìfẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdùbúlẹ̀ kì í ṣe ìsinmi fún arúgbó. Egbò ẹ̀yìn, òtútù àyà, ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan: ìdùbúlẹ̀ ló ń bí gbogbo wọn. Abẹ náà ní ewu tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà wọn ní Britain ni pé kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ tí aláìsàn dé tàbí lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi ló parí ọ̀rọ̀: "Ẹ bi ìyá fúnra wọn." Màmá ní, "Mo fẹ́ rìn."

A dáwó jọ, torí irin náà wọ́n. Wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ ara kú, wọ́n ṣiṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé màmá dìde pẹ̀lú wọ́kà. Ariwo tí wọ́n pa kò ṣeé gbàgbé, ṣùgbọ́n wọ́n dúró.

Ilé náà ní láti yí padà. A kó àpótí ìdáná kúrò, torí wọn ò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀ jù. Kò sí lílóṣòó, kò sí fífi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun. A gbé ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ga. Ẹsẹ̀ náà kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń dá lọ sílé aládùúgbò.

Bí wọ́n bá pè yín pé àgbàlagbà ṣubú, ẹ béèrè: ṣé wọ́n lè gbé gìgísẹ̀? Ṣé ẹsẹ̀ kan kúrú, tó yí síta? Bí wọ́n bá sì rọra ń rìn, tí itan ń dùn wọ́n, X-ray ṣì yẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Ẹ pè é ní "ó ṣẹ́" títí àwòrán yóò fi sọ pé kò ṣẹ́.