Ariwo Wo Nìyẹn?

Ọjọ́ Sátidé kan ni màmá mi wá kí mi ní Ìkéjì-Arákejì níbí. Wọ́n gbé kúlà ọbẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní àfi kí àwọn gòkè wá wo yàrá mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ hóstẹ́ẹ̀lì wa, ẹ mọ àtẹ̀gùn yẹn. A ò tíì dé òkè kejì tí wọ́n fi dúró. Wọ́n fọwọ́ lé àyà, ojú wọn yí padà, wọ́n ní, "Ariwo wo nìyẹn?"

Kò sí ariwo kankan o. Jẹnẹrétọ̀ pàápàá ò ṣiṣẹ́ lásìkò yẹn. Àyà tiwọn ni wọ́n ń gbọ́, tó ń lù kìkì torí pé wọ́n gun àtẹ̀gùn.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni, ọjọ́ 27 oṣù January, ọdún 2002, ní Èkó. Àwọn bọ́ǹbù tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà gbiná, wọ́n ń bú gbàù lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò tíì bí mi. Màmá mi ò tíì lọ́kọ, Mafoluku ni wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń bú. Kálukú ṣáà ń sáré ni. Ọ̀pọ̀ gba ọ̀nà Òkè-Àfà. Ewéko ti bo ojú omi kànáà tó wà níbẹ̀, nínú òkùnkùn wọ́n ṣe bí ilẹ̀ koríko ni. Wọ́n ń kó sínú ẹ̀, ẹnìkan lórí ẹnìkejì. Àwọn tó kú lálẹ́ yẹn lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Màmá mi wà lára àwọn tó sáré. Wọn kì í sọ púpọ̀ nípa ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń sọ ni pé nínú gbogbo ariwo yẹn, àyà àwọn ló pariwo jù.

Mo ti máa ń rò pé ohun tó wá láti ìta nìkan ló ń dẹ́rù bà wọ́n: nọ́káòtù ọdún Kérésì, àrá, táyà tó bẹ́. Òótọ́ ni pé wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mìíràn wà nínú ilé.

Ọpọlọ tó wà nínú agbárí ò rí ọkàn, kò rí ìfun. Ìròyìn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i gba inú iṣan, títí á fi dé apá kan tí wọ́n ń pè ní ínsúlà, tó ká mọ́ abẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ. Ọpọlọ kì í sì í dúró kí ìròyìn pé. Ohun tójú ẹ̀ ti rí rí ló fi ń tú u. Lórí àtẹ̀gùn, tèmi á sọ pé, "Àtẹ̀gùn ni." Ti màmá mi á sọ pé, "Òkè-Àfà ni." Bó bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, á ní kí ọkàn máa yára sí i, ìyára yẹn á tún wá jẹ́rìí pé ewu wà lóòótọ́. Ẹlẹ́rìí èké!

Àwọn tó ni èdè wa mọ̀ pé ara máa ń ṣáájú orí: "ara ń fu mí." Ara tó ń fura lójoojúmọ́ ńkọ́?

Àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ orúkọ àìsàn yìí, PTSD, sínú ìwé wọn ní 1980, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ogun Vietnam parí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yẹ ọkàn màmá mi wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹnìkan ní iṣẹ́ ayé ni. (Mi ò ní sọ ohun tí mo fi dá onítọ̀hún lóhùn.) Ti àwọn mìíràn tún yàtọ̀ sí tiwọn: ara wọn á dákẹ́ pátápátá, bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ìròyìn. Ti irú wọn ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí a óò máa pè wọ́n ní ẹni tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀.

Mo ti kà nípa ìdánwò kan: kéèyàn jókòó, kó ka ìlù ọkàn ara ẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, kí ẹlòmíràn máa kà á pẹ̀lú aago. A ṣe é lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ìṣẹ́jú kan. Màmá mi ní 110. Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú, 78 ni mo kà. Wọ́n ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kà. A tún un ṣe, bákan náà ni. Ó yà mí lẹ́nu, torí ta ló tún ń tẹ́tí sí ọkàn ara ẹ̀ tó wọn?

Mo sọ fún wọn pé ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ mú kí àyà lù, díẹ̀díẹ̀, níbi tí kò séwu, kí ọpọlọ lè kọ́ ìtumọ̀ mìíràn, pé iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ ni. Wọn ò dáhùn. Oníṣòwò ni màmá mi. Ẹni tó bá rẹ́ wọn jẹ́ náírà márùn-ún, wọ́n á padà lọ bá a. Wọ́n dìde, wọ́n wọ sálúbàtà wọn.

"Ká tún lọ síbi àtẹ̀gùn yẹn."

A sọ̀ kalẹ̀, a tún gòkè. Ní òkè kejì wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ lé àyà. Àwọn ọmọ kan gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá, wọ́n ní, "Ẹ kú ọ̀sán, mà." Màmá mi juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́.

"Méjìlélógún," ni wọ́n ń sọ lábẹ́ èémí. "Mẹ́tàlélógún…"