Kẹ̀kẹ́ Ò Ní Nọ́ńbà

Woolwich, Lọ́ńdọ̀nù

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì tún un gbọ́, torí ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ó dùn mí gan-an pé ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ẹbútẹ́ ló lọ kọlu ọkọ̀ yín níwájú ilé, tí iná ẹ̀yìn fọ́, tí ilẹ̀kùn sì tẹ̀ wọnú. Ẹ ní bàbá ọmọ náà ti wá dọ̀bálẹ̀, ẹ ní àwọn ará àdúgbò ò jẹ́ kí ẹ rímú mí pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà sì ṣì wà lẹ́yìn ilé yín. Ẹ wá bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é níbí bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, Bọ̀dá. Torí pé ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí mo lè sọ lórí fóònù lọ ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà.

Àwọn ilé àdúgbò wa níbí ò ní kọ̀m̀páùǹdì bíi tiyín. Ẹ̀gbẹ́ títì ni gbogbo wa ń gbé ọkọ̀ sí, ọkọ̀ kan lẹ́yìn èkejì, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ iléèwé, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni kan ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lẹ́yìn tí òjò dá, ilẹ̀ ń yọ̀. Inú ilé ni mo wà tí mo gbọ́ gbàà. Nígbà tí mo máa fi jáde, mírọ̀ ọkọ̀ mi ń mì dirodiro lórí wáyà, ẹnu ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti fa ilà láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé tiwájú, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Mo fi ìka tọ̀ ọ́, ọ̀dà ti ṣí, ó ti dé irin. Ọ̀gbẹ́ni náà jókòó sílẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Omi ni mo kọ́kọ́ fún un.

Kò sí èrò kankan tó pé lé wa lórí. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ní Ìpakodò, l'Ékòó, ni, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ìyá alákàrà ti dé, àwọn ọlọ́kadà ti dé, wọn á sì ti dá ẹjọ́ náà tán: “Ẹ fi ṣe ti Ọlọ́run, Àǹtí.” Níbí, obìnrin kan tó mú ajá rẹ̀ jáde nìkan ló dúró. Ó ní ojú òun ló ṣe, ó fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà yẹn wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí kẹ̀kẹ́ ò ní nọ́ńbà bíi ti ọkọ̀. Láti ọdún 1930 ni òfin ti ní kí ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Britain ní inṣọ́ránsì nítorí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá ṣe ní jàǹbá, ṣùgbọ́n òfin yẹn ò mú oníkẹ̀kẹ́. Ènìyàn lè ra kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ kó gùn ún lọ sílé láìní ìwé kankan. Kódà òfin tó ní kí awakọ̀ dúró kó sọ orúkọ rẹ̀ bó bá ba ọkọ̀ ẹlòmíràn jẹ́, ohun tó ní ẹ́ńjìnnì ló bá wí. Bí ọ̀gbẹ́ni yìí bá ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ta ni mo fẹ́ mú? Kó tó dìde ni mo ti gba orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, tí mo ya fótò mírọ̀ náà, ilà náà, kẹ̀kẹ́ náà àti ibi tí ọkọ̀ mi dúró sí. Ibi tí ọkọ̀ dúró sí ṣe pàtàkì, torí ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì máa ń béèrè ni bóyá ìwọ gan-an gbé e síbi tí kò yẹ.

Mo ní inṣọ́ránsì comprehensive, ṣùgbọ́n iye kan wà tí mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé kí ilé iṣẹ́ tó dá sí i, £350 sì ni tèmi. £420 ni àtúnṣe. Bí mo bá fi lọ̀ wọ́n, wọ́n á tún gé ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún mi nítorí pé n kì í wá gbowó. Mo rí i pé kò tọ́ sí mi láti jìyà ohun tí n ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, ni mo bá kọ lẹ́tà sí ọ̀gbẹ́ni náà: ọjọ́, ibi, ohun tó bàjẹ́, iye tí mẹkáníìkì méjì pè é, pẹ̀lú fótò. Mo fún un ní ọjọ́ 14 láti fèsì, torí kọ́ọ̀tù fẹ́ kéèyàn ti ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó wá bá wọn. Mo wá fi gbólóhùn kan sí ìparí rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó wo ìwé inṣọ́ránsì ẹrù ilé rẹ̀.

Gbólóhùn yẹn ló yanjú ọ̀rọ̀. Inṣọ́ránsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ń san nítorí olè àti iná tún máa ń ní apá kan tó wà fún ohun ẹlòmíràn tí ará ilé náà bá bàjẹ́ níta, títí kan èyí tó bá fi kẹ̀kẹ́ bàjẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ náà wà, Cycling UK, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1878; ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní irú ààbò yìí dé £10 mílíọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà nínú ìwé ilé rẹ̀. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì rẹ̀ kọ̀wé sí mi, wọ́n béèrè bóyá mírọ̀ náà ti ní àbùkù tẹ́lẹ̀, wọ́n pe obìnrin alájá lórí fóònù, wọ́n fi mí falẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì san án.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀gbẹ́ni náà kọ̀ láti san ni, kọ́ọ̀tù ẹjọ́ kéékèèké ń gbọ́ ohun tí kò ju £10,000 lọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń pe ẹjọ́ náà láìgba lọ́yà, £50 ni owó rẹ̀ fún irú iye tèmi, ọdún mẹ́fà sì ni òfin fún mi láti fi pè é. Ẹni tí kọ́ọ̀tù bá ní kó san tí kò san láàárín oṣù kan, orúkọ rẹ̀ á wà nínú ìwé ajigbèsè fún ọdún mẹ́fà, yíyá owó ní báńkì á sì di wàhálà fún un. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù níbí nìyẹn, kì í ṣe ọlọ́pàá.

Àmọ́ ọmọdé ni tiyín, ìyẹn sì yàtọ̀. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, bàbá ò jẹ gbèsè nítorí pé òun ló bí ọmọ. Àfi bó bá jẹ́ pé àìbójútó tirẹ̀ ló fà á. Ní Jámánì, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 ò jẹ gbèsè ohun tó bàjẹ́. Bó bá jẹ́ jàǹbá ọkọ̀, wọ́n sún ọjọ́ orí náà dé 10, torí ọmọdé ò lè mọ bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ṣe ń sáré tó. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2004, ilé ẹjọ́ wọn ní Karlsruhe sọ pé ààbò yẹn ò sí fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó kọlu ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀, torí ọkọ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ ò sáré bọ̀ wá bá ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ yẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ti Ìpakodò. Ìwé third party yín, èyí tí wọ́n gbé kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ẹni tí ọkọ̀ yín bá ṣe ní jàǹbá ló wà fún, kò ní tún ọkọ̀ tiyín ṣe. Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín kan ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ti bàbá ọmọ náà mọ́ tèṣọ̀n; ẹ má tẹ̀lé e. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí lásán. Ẹ dákun, ẹ dá kẹ̀kẹ́ náà padà lónìí. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé òun ni ọmọ náà fi ń gbé ẹja ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Bí kẹ̀kẹ́ bá wà lẹ́yìn ilé yín, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí owó yín san?

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ gbé owó yín lọ. Ó máa ń dùn mí nílé wa pé ẹni tí wọ́n ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ ni gbogbo àdúgbò á kóra jọ bẹ̀ títí á fi gbé e fúnra rẹ̀, bíi pé ẹni tó ní ọkọ̀ ò lè ṣaláìní. Ẹ pe alága CDA, ẹgbẹ́ àdúgbò yín, àti méjì nínú àwọn tó ń bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí pánẹ́ẹ̀lì-bítà kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí iná ẹ̀yìn náà jẹ́ tòkúnbọ̀ láti Ládípọ̀, kó má wọ́n jù. Kí bàbá ọmọ náà sọ ohun tí agbára rẹ̀ ká lóṣooṣù, bó tilẹ̀ kéré, kó fọwọ́ sí i, kí àwọn tó ń bẹ̀ yín fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Láti ọdún 2018 ni Èkó ti ní kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, wọ́n sì ń fẹ́ parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 60. Ṣùgbọ́n gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ni tiwọn, ìwé tí ẹ bá jọ fọwọ́ sí yìí ló máa sọ tiyín di bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá sì fẹnu kò lórí iye, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń bá èèyàn parí ìjà láìgba kọ́bọ̀.

Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà tí mo kọ sí ọ̀gbẹ́ni ibí ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ kọ tiyín ní Yorùbá, kí bàbá ọmọ náà lè mọ ohun tó ń fọwọ́ sí. Ẹ sọ iye tí pánẹ́ẹ̀lì-bítà bá pè fún mi kí ẹ tó gbà fún un, kí ẹ sì bá mi wo ọmọ náà bóyá kò fara pa, ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Ẹ bá mi kí Màmá àti ìyàwó wa.

Èmi ni àbúrò yín.