Lẹ́tà sí Ìyá Dámọ́lá lórí Ìwé Kíkà

Lọ́ńdọ̀nù, Ìlú Ọba.

Ìyá Dámọ́lá, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ Dámọ́lá ni mo fi ń kọ ìwé yìí. O ní ó ń ka ìwé rẹ̀ geere láìwo ojú ewé. Àkọ́sórí nìyẹn. Fọwọ́ bo àwòrán, kí o nawọ́ sí ọ̀rọ̀ kan láàárín. Bí kò bá lè pè é, kò tíì mọ̀wé kà.

Jọ̀wọ́, má nà án, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní olódo. Ọmọdé máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, á sì máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwé kíkà kì í wá bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ fi han ọmọ pé àmì báyìí ló ń dún báyìí. Ní England, láti 2012, ìjọba ń dán àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà wò lọ́dọọdún: ọ̀rọ̀ 40 ni wọ́n ń kà, 20 nínú rẹ̀ kò sì ní ìtumọ̀ kankan. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀dá wọn ni, kí àkọ́sórí má baà gba ọmọ là. Ẹni tí kò bá yege, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń fún un, á sì tún un ṣe lọ́dún kejì.

Yorùbá ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà 25 la ní, ìró wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Lẹ́tà 26 ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ìró inú rẹ̀ sì tó bíi 44. Ìyẹn ló ń da ọmọ láàmú. Gé páálí wẹ́wẹ́, kí o kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i. Fáwẹ̀lì méje ni kó kọ́kọ́ mọ̀: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Lẹ́yìn náà, mú b, t, l àti d wá lọ́kọ̀ọ̀kan: ba, be, bẹ, bi. Kó máa pàtẹ́wọ́ sí sílébù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà tó ti mọ̀ nìkan ni kí o fi hun ọ̀rọ̀ fún un: ata, ilé, adé, bàtà. Má fo àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Kó ka odò, ọdẹ, àti ọ̀dà, kó sì rí ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Gb àti àwọn fáwẹ̀lì àránmúpè bí an àti in lè dúró dìgbà tí àwọn lẹ́tà ìṣáájú yìí bá ti dá a lójú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó, lẹ́yìn oúnjẹ. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ dáwọ́ dúró.

Mo mọ̀ pé Bàbá Dámọ́lá á ní Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Sọ fún un pé ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's, Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn yẹn ló ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Mo ti fi owó ránṣẹ́. Bí o bá lọ sí Ore, ra Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ. Àmọ́ má dúró dìgbà tí ìwé bá dé. Páálí àti ẹfun tó. Jọ̀wọ́, bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá Tóbi.